Sọ̀lísítọ̀ tí ẹ́jẹ́ǹtì ń fà lé wa lọ́wọ́ àbí ká wá tiwa? Ilé àkọ́kọ́ wa ní England

Ìyá Ooreọ̀fẹ́

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn, orí mi ti gbóná. Ó ti pẹ́ tí èmi àti ọkọ mi ti ń wá ilé rà ní Manchester, Ọlọ́run wá ṣe é, wọ́n gba iye tá a dá lé fúláàtì kan, £240,000, yàrá méjì, leasehold ni, ìyẹn pé iye ọdún kan là ń rà, ilẹ̀ ò sí lára ẹ̀. Látìgbà tí wọ́n ti gbà á ni ẹ́jẹ́ǹtì tó ń bá wọn tà á ò ti jẹ́ ká sinmi, ó ní sọ̀lísítọ̀ tàwọn, ìyẹn lọ́yà tó ń bá èèyàn ṣètò ìwé ilé, ni ká lò, pé tá a bá lo tiwọn ó máa yá, pé tá a bá lọ wá tiwa ẹni tó ni ilé lè bínú kó gbé e fún ẹlòmíì. Iye tí sọ̀lísítọ̀ ọ̀hún pè ju ti ẹnìkan tí mo rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ, èyí tí ọ̀rẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì júwe fún mi náà tún wà lọ́tọ̀, òun ló wọ́n jù.

Ìbéèrè mi rèé. Ṣé dandan ni ká lo tiwọn? Kí ló yẹ kí n bi sọ̀lísítọ̀ kí n tó gbé iṣẹ́ fún un? Lẹ́yìn ìyẹn, dìpọ́síìtì wa, apá kan jẹ́ owó oṣù tá a ń tọ́jú, apá kan jẹ́ àjọ tí mo kó, bàbá mi ní Ìbàdàn sì ní àwọn máa fi nǹkan kún un. Mo gbọ́ pé wọ́n máa ń béèrè ibi tówó ti wá, ṣé ọ̀rọ̀ àjọ máa yé wọn? Èyí tó wá ń dà mí láàmú jù, ọkọ mi ní ilé kan ní Ìkòròdú tí wọ́n ní kí wọ́n tó wá síbí, wọ́n ní ilé Nàìjíríà ò kan àwọn ará ibí, pé ká má wulẹ̀ dárúkọ ẹ̀. Ọkàn mi ò balẹ̀ sí ìyẹn rárá. Ẹ má bínú pé ó gùn.

Jagunlabí

Ẹ kú oríire Ìyá Ooreọ̀fẹ́, ilé á tura. Ẹ má jẹ́ kí ẹ́jẹ́ǹtì yẹn já yín láyà, kò sófin kankan tó ní kẹ́ ẹ lo sọ̀lísítọ̀ tiẹ̀. Ẹni tó ń ta ilé ló gbà á síṣẹ́, ẹni yẹn ló máa sanwó fún un, kì í ṣe ẹ̀yin. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé sọ̀lísítọ̀ tó ń pariwo ẹ̀ sí yín létí yẹn ń fún un ní nǹkan lórí gbogbo oníbàárà tó bá mú wá. Kò burú lójú òfin o, ṣùgbọ́n sọ̀lísítọ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún yín tó bá ń san irú owó bẹ́ẹ̀, torí náà ẹ bi wọ́n lójú kojú kẹ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe máa dáhùn. Ti pé ẹni tó ni ilé máa bínú yẹn, ẹ fi sílẹ̀ jàre, kí ló kàn án nínú ẹni tó ń bá yín yẹ̀wé wò? Kí ilé tà kówó dé lòun ń wá.

Nípa iye tí wọ́n pè, ẹ má wo iye tó wà lókè ìwé nìkan, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú èèyàn. Èyí tó dà bíi pé ó pọ̀ọ́kú lórí íńtánẹ́ẹ̀tì yẹn, ẹ ka ìsàlẹ̀ ẹ̀ dáadáa, ẹ lè rí i pé wọ́n máa gba owó lọ́tọ̀ torí pé leasehold ni, wọ́n á tún gbà torí pé ẹnìkan fún yín lẹ́bùn kún dìpọ́síìtì, wọ́n á gbà lórí mọ́gééjì, ìyẹn owó tí báǹkì máa yá yín rà á, lórí pé wọ́n fi owó ránṣẹ́ ní báǹkì, fọ́ọ̀mù stamp duty, owó orí tí ìjọba ń gbà lórí ilé rírà, náà ní tiẹ̀, kí VAT 20% tó wá gun gbogbo ẹ̀ lórí. Owó searches, ìyẹn ìwádìí nípa ilé lọ́dọ̀ káńsù àtàwọn míì, àti owó Land Registry, ibi tí ìjọba ti ń kọ orúkọ ẹni tó ni ilé sílẹ̀, ṣì wà lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tí ò ní san ìyẹn. Ẹ ní kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ àròpọ̀ ẹ̀ ránṣẹ́, gbogbo kọ́bọ̀ tó máa kúrò lọ́wọ́ yín, ìgbà yẹn lẹ máa tó mọ ẹni tó wọ́n. Ti ọ̀rẹ́ yín ní ṣọ́ọ̀ṣì lè má wọ́n mọ́.

Ẹ lọ sórí wẹ́ẹ̀bù SRA, àjọ tó ń bójú tó àwọn sọ̀lísítọ̀, kẹ́ ẹ wá orúkọ sọ̀lísítọ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ mú. Tó bá jẹ́ licensed conveyancer ni, ẹni tó gba ìwé àṣẹ láti ṣe ìwé ilé rírà, ọ̀dọ̀ CLC, àjọ tó ń bójú tó tiwọn, lẹ ti máa wò ó, àwọn náà ń ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa, ẹ má rò pé ayédèrú lọ́yà ni wọ́n. Ẹ tún bi báǹkì tó fẹ́ yá yín lówó bóyá sọ̀lísítọ̀ náà wà lára àwọn tí wọ́n ń bá ṣiṣẹ́, torí tí kò bá sí níbẹ̀ wọ́n lè ní àwọn máa gba sọ̀lísítọ̀ tiwọn, ẹ̀yin lẹ máa sanwó ẹ̀, á sì tún fa nǹkan sẹ́yìn. Èyí tí mo gbà pé ó ṣe pàtàkì jù ni pé ta gan-an ló máa mú fáìlì yín? Mi ò sọ ẹni tó ń gbé fóònù o, ẹni tó máa jókòó ka lease, ìwé àdéhùn fúláàtì yẹn, ni mò ń wí. Fáìlì mélòó ló wà lọ́wọ́ ẹ̀ báyìí, tó bá sì lọ hólídè ta ló máa dípò ẹ̀? Ẹni tó bá ń jẹ ọ̀rọ̀ lẹ́nu lórí ìyẹn, ẹ kọjá lọ.

Akọ̀wéLọ́yà

Ọ́fíìsì sọ̀lísítọ̀ tó ń ṣe ilé rírà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi kì í ṣe sọ̀lísítọ̀ fúnra mi, èmi ni mò ń to ìwé, ọ̀rọ̀ ibi tówó ti wá yìí ni mo sì ń bá yí lójoojúmọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn wa ò mọ̀ ni pé tẹ́ ẹ bá fi mọ́gééjì ra ilé, sọ̀lísítọ̀ yín náà ló sábà máa ń dúró fún báǹkì. Tó bá rí nǹkan tó yẹ kí báǹkì mọ̀, kò lè bá yín bò ó mọ́lẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì ní kó má sọ, ó lè ní òun ò ṣe mọ́. Torí náà ẹ má dá ọgbọ́n kankan, ẹ kó gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Àjọ ò burú. Ìṣòro ẹ̀ ni pé òyìnbó tó mú fáìlì yín lè má gbọ́ ọ rí láyé ẹ̀, ohun tó sì máa rí nínú àkáǹtì yín ni pé èèyàn bíi mẹ́wàá fi iye kan náà ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ méjì, tàbí ẹnìkan tí kò mọ̀ rí ṣàdédé fi owó ńlá kan ránṣẹ́. Òfin 2017 tó wà fún owó tí ò mọ́ ní kó wádìí ẹ̀, tí kò bá sì yé e kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ ṣàlàyé fún un kó tó bi yín. Ẹ kọ lẹ́tà, ojú ìwé kan ti tó, iye èèyàn tẹ́ ẹ jẹ́, iye tí kálukú ń dá lóṣù, oṣù tó kàn yín láti kó, kí olórí àjọ fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ wá fi steítimẹ́ǹtì tó ń fi owó tí ẹ̀yin gan-an ń dá lóṣooṣù hàn gbè é lẹ́sẹ̀. Owó tó ń jáde yẹn ló ń gbani lọ́wọ́ ìbéèrè jù, torí òun ló fi hàn pé owó yín náà ló padà wá bá yín. Àwọn èèyàn á kàn fi ọjọ́ tí wọ́n kó o ránṣẹ́, wọ́n á wá máa bínú pé wọn ò gbà wọ́n gbọ́. Tó bá wá jẹ́ káàṣì lẹ fi dá a tẹ́ ẹ sì fi káàṣì kó o, há, iṣẹ́ wà ńbẹ̀ o, àwọn ọ́fíìsì kan á gbé e yẹ̀ wò tí àkọsílẹ̀ bá wà, àwọn míì ò ní fetí sí i rárá. Ẹ béèrè ìyẹn kẹ́ ẹ tó sanwó kankan fún wọn.

Ti bàbá yín, wọ́n máa fọwọ́ sí lẹ́tà pé ẹ̀bùn ni, àwọn ò ní gbà á padà, àwọn ò sì ní ìpín kankan nínú ilé. Wọ́n máa mú páàsìpọ́ọ̀tù wọn jáde, àti steítimẹ́ǹtì tó fi hàn pé owó náà wà lọ́wọ́ wọn àti bí wọ́n ṣe rí i, bóyá owó ìfẹ̀yìntì ni, bóyá wọ́n ta ilẹ̀ ni, tó bá jẹ́ ilẹ̀ kí wọ́n wá ìwé àdéhùn ẹ̀. Mo mọ̀ pé kò rọrùn láti máa bi bàbá ẹni pé níbo lẹ ti rówó, àwọn bàbá míì á ní ṣé olè lo pè mí ni, torí náà ẹ rọra bá wọn sọ ọ́ kí ímeèlì sọ̀lísítọ̀ tó dé. Ẹ sọ fún ẹni tó ń bá yín wá mọ́gééjì náà, torí àwọn báǹkì kan wà tí wọn ò fẹ́ ẹ̀bùn tó ń bọ̀ láti òkè òkun. Kí owó ọ̀hún gba báǹkì wá, láti àkáǹtì bàbá yín sí tiyín. Ẹ má fún ẹni tó máa ń ṣẹ́ náírà sí pọ́n-ùn rárá o. Tí bàbá yín bá san náírà fún un n'Íbàdàn, tí àjèjì kan ní London wá fi pọ́n-ùn sínú àkáǹtì yín, orúkọ tí sọ̀lísítọ̀ máa rí kì í ṣe ti bàbá yín, ibẹ̀ ni gbogbo nǹkan ti máa dúró.

Ó wá ku Ìkòròdú. Ẹ bá mi sọ fún Bàbá Ooreọ̀fẹ́ pé ó kàn wọ́n, ó kàn wọ́n gan-an. Lójú stamp duty, ẹni tó ń ra ilé àkọ́kọ́ ni ẹni tí kò ní ilé rí níbikíbi láyé, kódà kó jẹ́ ogún. Ká ní ẹ̀yin méjèèjì ò ní rí, lórí £240,000 ẹ ò ní san kọ́bọ̀, torí kò tó £300,000. Tí ẹnìkan nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ń rà bá ti ní rí, ẹ̀yin méjèèjì lẹ pàdánù ẹ̀. Ó di iye tí gbogbo ayé ń san nìyẹn, kò sí nǹkan lórí £125,000 àkọ́kọ́, 2% lórí £115,000 tó kù, £2,300. Ibi tó ti wá le ni pé tí ilé Ìkòròdú bá ṣì jẹ́ tiwọn, tí ìpín wọn nínú ẹ̀ sì tó £40,000 lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gba ti ibí, ìjọba máa kà á pé ilé kejì lẹ̀ ń rà, wọ́n á fi 5% lé gbogbo £240,000 náà, £12,000 míì nìyẹn. Àpapọ̀ ẹ̀ £14,300. Iye tó wà nílẹ̀ láti oṣù kẹrin 2025 ni mo fi ṣírò, 5% yẹn sì ti wà láti ìparí oṣù kẹwàá 2024. Wales àti Scotland ní owó orí ilé tiwọn, mi ò sọ tiwọn o.

Torí náà ẹ ní kí ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí lórí díye lé ilé kọ iye tí ti Ìkòròdú tó sílẹ̀ báyìí, kẹ́ ẹ gbé e fún sọ̀lísítọ̀ pẹ̀lú ìbéèrè yín ní kíkọ. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ló máa ń kọ ọ́ sínú àdéhùn pé àwọn kì í gbani nímọ̀ràn lórí owó orí, tí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Fọ́ọ̀mù yẹn àti owó ẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ HMRC, àwọn agbowó orí ìjọba, láàárín ọjọ́ 14 lẹ́yìn completion, ọjọ́ tí ilé di tiyín, orúkọ yín ló wà lórí ẹ̀, kì í ṣe ti sọ̀lísítọ̀.

ỌmọÌjẹ̀bú_Leeds

Akọ̀wéLọ́yà ẹ ṣé gan-an, £14,300, àyà mi já ní tiwọn. Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí fúláàtì fúnra ẹ̀ torí kò sẹ́ni tó mẹ́nu bà á. Leasehold ni, ilẹ̀ kì í ṣe tiyín, ọdún lẹ̀ ń rà. Ọdún mélòó ló kù? Ẹ bi ẹ́jẹ́ǹtì lónìí, ẹ má dúró de sọ̀lísítọ̀. Tó bá ti ń sún mọ́ 80, ẹ sọ fún sọ̀lísítọ̀ kíákíá, torí tó bá ti lọ sísàlẹ̀ 80 owó tẹ́ ẹ máa fi fà á gùn á gbéra, tó bá sì kúrú jù báǹkì ò ní yá yín lówó lé e. Ẹ béèrè ground rent, owó tẹ́ ẹ máa ń san fún ẹni tó ni ilẹ̀, ṣé ó máa ń lọ sókè, báwo ló ṣe ń lọ sókè. Service charge náà, owó ìtọ́jú ilé, iye tí wọ́n san lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, àti bóyá iṣẹ́ ńlá kan ń bọ̀, bíi pé wọ́n fẹ́ pààrọ̀ òrùlé tàbí ara ògiri ìta, torí ẹni tó bá wà nínú ilé nígbà tí bíìlì dé ló máa san án.

Nígbà tá à ń ra tiwa, ibi tí nǹkan há sí kì í ṣe ọ̀dọ̀ sọ̀lísítọ̀. Ìwé tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó fúláàtì ni ò dé, ẹni tó ń tà ló yẹ kó sanwó ẹ̀, ó wá ń fònídónìí-fọ̀ladọ́la. Ẹ ní kí ẹ́jẹ́ǹtì yín sọ fún un láti òní kó béèrè ìwé yẹn. Ẹ ṣáà ní ó fẹ́ràn ariwo, ẹ jẹ́ kó fi ṣe nǹkan gidi.

Nǹkan míì ni pé sọ̀lísítọ̀ kì í lọ wo ilé. Ìwé ló ń rí. Tí ògiri bá ń rin, tí òrùlé ń jò, kò mọ̀, ẹni tó ń ṣe survey, tó ń yẹ ara ilé wò, lẹ máa sanwó fún lọ́tọ̀, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi ẹni tí báǹkì rán wá díye lé ilé tàn yín, iṣẹ́ báǹkì nìyẹn ń ṣe. Ohun tẹ́ ẹ bá fojú rí lọ́jọ́ tẹ́ ẹ lọ wò ó, ẹ sọ fún sọ̀lísítọ̀. Ẹ́jẹ́ǹtì ní ibi ìgbọ́kọ̀sí kan wà fún yín àbí? Ẹ ní kí sọ̀lísítọ̀ wá a nínú lease kó fi hàn yín. Wọ́n wó ògiri kan láàárín kíṣìnì àti pálọ̀? Ta ló fún wọn láyè?

Kẹ́ ẹ sì máa pè wọ́n o! Ẹ má ṣe ojú àánú sí sọ̀lísítọ̀ kankan, lójoojúmọ́ ni mò ń pe tèmi. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́.

Akọ̀wéLọ́yà

Ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹ̀yin lẹ̀ ń fa ẹ̀fọ́rí fún wa 😂 Pípè lójoojúmọ́ ò jẹ́ kí searches káńsù yá o, káńsù kan á dá a padà kíákíá, òmíràn á pẹ́ títí, kò sí fóònù tó lè lé wọn. Ohun tó ń mú fáìlì rìn lọ́dọ̀ wa ni ẹni tó bá ń dáhùn lọ́jọ́ tá a bá bi í. Ímeèlì kan lọ́sẹ̀, ìbéèrè gbogbo nínú ẹ̀, nọ́ńbà fáìlì lókè: kí lẹ̀ ń dúró dè, ọ̀dọ̀ ta ni, kí ló kù lọ́wọ́ wa? Tí wọn ò bá dáhùn ẹ wá pe ẹni tó mú fáìlì. Tọ́rọ̀ bá wá burú gan-an, ẹ kọ ìwé ẹ̀sùn sí ọ́fíìsì náà fúnra ẹ̀, tí ọ̀sẹ̀ 8 bá kọjá láìsí ojútùú, Legal Ombudsman, àwọn tó ń gbọ́ ẹ̀sùn èèyàn lórí àwọn lọ́yà, wà.

Ìyá Ooreọ̀fẹ́

Ẹ̀yin ará, mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́. Mo fún ọkọ mi ní fóònù kí wọ́n kà á fúnra wọn, wọ́n kà á tán wọn ò sọ nǹkan kan fún bíi wákàtí kan, wọ́n wá ní ká pe ẹni tó máa díye lé ilé l'Ékòó. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ní ká kúkú fi orúkọ èmi nìkan rà á, torí èmi ò ní ilé níbì kankan rí. Ṣé ìyẹn á yọ wá? Ẹ tún jọ̀ọ́, ìgbà wo la lè sọ fún láńdíọ́ọ̀dù wa pé a ń lọ? Kò fẹ́ ká fi í sílẹ̀ láìsọ fún un tẹ́lẹ̀.

Akọ̀wéLọ́yà

Bàbá Ooreọ̀fẹ́ ò jáwọ́ o 😄 Tọkọtaya tó ń gbé pọ̀, ìjọba ń kà yín sí ọ̀kan lórí 5% yẹn. Tí ilé Ìkòròdú bá tó £40,000, kódà kó jẹ́ orúkọ yín nìkan, ẹ máa san án, ẹ ò sì ní rí àǹfààní ilé àkọ́kọ́ gbà. Tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, tó sì jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń rà, ìyẹn yàtọ̀, ẹ lè rí i gbà, £2,300 yẹn náà á lọ. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa, tó bá jẹ́ orúkọ yín nìkan, báǹkì lè fi owó oṣù yín nìkan ṣírò ohun tí wọ́n máa yá yín, wọ́n á sì ní kí ọkọ yín fọwọ́ sí ìwé pé tí báǹkì bá fẹ́ gba ilé, àwọn ò ní ní àwọn lẹ́tọ̀ọ́ láti máa gbé ibẹ̀. Ẹ bi sọ̀lísítọ̀ kẹ́ ẹ tó béèrè mọ́gééjì, torí kì í rọrùn láti pààrọ̀ orúkọ lẹ́yìn.

Tẹ́ ẹ bá sì jọ rà á, wọ́n máa bi yín bóyá joint tenants ni àbí tenants in common. Èyí àkọ́kọ́, tí ọ̀kan bá ṣaláìsí, gbogbo ilé di ti èkejì, kò sí ẹbí tó máa dé láti ilé wá pín in. Èyí kejì, kálukú ní ìpín tiẹ̀, ó sì lè fi í sílẹ̀ fún ẹni tó bá wù ú nínú wíìlì. Ẹ má ṣe yàn án ní kíá kẹ́ ẹ ṣáà lè kúrò lójú ìwé, pàápàá bí owó bàbá yín ṣe wà nínú ẹ̀.

Láńdíọ́ọ̀dù: ẹ má sọ ọjọ́ kankan fún un kẹ́ ẹ tó ṣe exchange, ìyẹn pípààrọ̀ ìwé àdéhùn tó máa de ẹ̀yin àti ẹni tó ń tà. Kó tó di exchange, ẹnikẹ́ni ló lè yí ọkàn padà láìsanwó ìtanràn, ẹ̀yin tàbí wọn. Lọ́jọ́ exchange lẹ máa san dìpọ́síìtì, 10% ni wọ́n sábà ń béèrè, ìgbà yẹn ni wọ́n máa tó fi ọjọ́ completion sílẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì yí padà lẹ́yìn ẹ̀, dìpọ́síìtì yẹn ti lọ nìyẹn. Ẹ ní kí sọ̀lísítọ̀ fi àyè tó tó sáàárín méjèèjì kẹ́ ẹ lè sọ fún láńdíọ́ọ̀dù ṣáájú bó ṣe yẹ, tí ẹni tó ń tà bá gbà.

Jagunlabí

Nítorí pé wọ́n ti dárúkọ dìpọ́síìtì, èyí kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi kún un. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sọ̀lísítọ̀, ẹ gba nọ́ńbà àkáǹtì wọn nínú lẹ́tà tàbí lójú kojú, kẹ́ ẹ sì tọ́jú nọ́ńbà fóònù wọn. Tí ímeèlì bá dé nígbà tó kù díẹ̀ kẹ́ ẹ sanwó pé wọ́n ti yí báǹkì padà, tó jẹ́ orúkọ wọn ló wà lórí ẹ̀, lógò wọn ló wà lórí ẹ̀, tó tún mọ iye tẹ́ ẹ fẹ́ san gan-an, ẹ má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Àwọn ọ̀daràn máa ń wọnú ímeèlì, wọ́n á máa ka ọ̀rọ̀ yín lọ títí wọ́n á fi mọ ọjọ́. Nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ yín tẹ́lẹ̀ ni kẹ́ ẹ pè, kì í ṣe èyí tó wà nínú ímeèlì yẹn o. Kódà tí kò bá sí ìyípadà kankan, ẹ fi £1 ránṣẹ́ ná, ẹ pè wọ́n kí wọ́n sọ pé àwọn rí i, kẹ́ ẹ tó fi èyí tó kù tẹ̀ lé e. Tí báǹkì bá ní orúkọ ò bá àkáǹtì mu, ẹ dá ọwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀, ó sàn kí exchange sún sí ọjọ́ kejì.